Ìtàn Iṣu Mẹ́síkò àti Òògùn Egungun

Àwọn àgbà a máa wí pé òògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí ewéko ṣe ń di òògùn, nítorí ó jẹ́wọ́ nǹkan méjì: èkíní, pé agbára wà nínú ewé, èkejì, pé agbára náà kò tó fún ìwòsàn bí ohun kan bá kù nínú àkójọ rẹ̀. Ìtàn tí a fẹ́ sọ níhìn-ín jẹ́ ti ewéko kan láti inú ìdílé iṣu, tí ó ń hù nínú igbó ilẹ̀ Mẹ́síkò, àti ti àrùn kan tí ń sọ egungun àwọn obìnrin tí ó ti dàgbà di ẹlẹgẹ́. Láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbìyànjú láti so àwọn méjèèjì pọ̀. Àwọn kan fi làálàá àti ọgbọ́n ṣe é. Àwọn mìíràn fi ẹnu dídùn nìkan ṣe é. Ó yẹ kí á ya iṣẹ́ àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé àgbàlagbà tí kò bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn, egungun rẹ̀ ni yóò fi san gbèsè náà.

Àrùn náà àti ohun tí ń fà á

Àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní osteoporosis kì í fi ara hàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Kì í dun ènìyàn, kì í sì í mú ara gbóná. Ẹni tí ó ń ṣe kì í mọ̀ títí di ọjọ́ tí yóò fi yọ̀ ṣubú ní ẹnu ọ̀nà, tí egungun ìgbáròkó tàbí ti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yóò sì kán bí igi gbígbẹ. Egungun ẹ̀yìn a tilẹ̀ máa rún mọ́ra díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ga tẹ́lẹ̀ yóò fi kúrú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì tẹ̀. Ìgbáròkó tí ó kán kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àgbàlagbà: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí ni kì í lè dá rìn bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́, àwọn mìíràn kì í sì í lò tó ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Egungun kì í ṣe òkúta tí a gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí iṣẹ́ sì parí. Ó dà bí ilé alámọ̀ tí a ń tún ṣe lójoojúmọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wó ibi tí ó ti gbó. Àwọn mìíràn wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ tuntun dípò rẹ̀. Nígbà èwe, àwọn tí ń mọ ilé a máa ṣiṣẹ́ ju àwọn tí ń wó o lọ. Nígbà tí ọjọ́ orí bá lọ, àwọn tí ń wó o a borí. Lára obìnrin, ohun tí ó kó àwọn tí ń wó o ní ìjánu ni hómóònù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ estrogen. Hómóònù jẹ́ ìránṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán sí òmíràn nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí obìnrin bá dàgbà tí kò sì rí nǹkan oṣù mọ́, ìránṣẹ́ yìí a dínkù lọ́pọ̀lọpọ̀, a sì tú ìjánu kúrò lẹ́nu àwọn tí ń wó ilé.

Oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Fuller Albright, ní ilé ìwòsàn Massachusetts General Hospital ní ìlú Boston, ni ó la ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1941, òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí wọ́n fi hàn pé, nínú àwọn tí kò tíì darúgbó púpọ̀ tí egungun wọn ń kán láìsí ìdí tí ó hàn, àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró ni ó pọ̀ jù. Albright rò ó pé bí ó bá jẹ́ pé àìsí estrogen ni ó fa àrùn náà, kí á dá estrogen padà fún ara ni ìtọ́jú tí ó yẹ.

Ìṣòro tí ó kù ni ti ibi tí a ó ti rí hómóònù. Láti ara ẹranko ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti ń fa hómóònù obìnrin yọ nígbà náà, iṣẹ́ náà sì nira ju kí á máa wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn lọ. Nígbà tí Adolf Butenandt ará Jámánì fẹ́ rí progesterone, hómóònù kejì tí ń tún ilé ọmọ ṣe sílẹ̀ de oyún, ní ọdún 1934, ilé ẹyin nǹkan bí 50,000 abo ẹlẹ́dẹ̀ ni ó lò kí ó tó rí mílígíráàmù 20 péré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, nǹkan bí 80 dọ́là ni wọ́n ń ta gíráàmù kan ṣoṣo rẹ̀. Òògùn tí ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òògùn fún ìyá arúgbó inú abúlé ní ilẹ̀ kankan.

Ọkùnrin tí ó gba iṣu gbọ́

Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Russell Marker, ará Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1902. Ọlọ́gbọ́n ni, alágídí sì ni. Ó ti parí iṣẹ́ ìwádìí fún oyè dókítà ní Yunifásítì Maryland, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ó tún ṣe ẹ̀kọ́ kan tí ó kù, ó ní òun ti mọ ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀, ó sì fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìgba oyè. Lẹ́yìn tí ó ti ṣiṣẹ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó dé Pennsylvania State College ní àárín àwọn ọdún 1930, ó sì dojú kọ ọ̀rọ̀ hómóònù.

Ohun tí Marker rí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà sí ni èyí. Àwọn ewéko kan wà tí èròjà inú wọn máa ń hó bí ọṣẹ bí a bá pò ó mọ́ omi. Bí a bá yẹ èròjà bẹ́ẹ̀ wò, a ó rí i pé òun àti hómóònù ènìyàn dà bí ilé méjì tí a kọ́ lórí ìpìlẹ̀ kan náà. Kìkì pé ti ewéko ní yàrá kan ní ẹ̀gbẹ́ tí ti hómóònù kò ní. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà rò pé yàrá ẹ̀gbẹ́ yìí kò ṣeé wó. Marker fi hàn pé ó ṣeé wó, ó sì rí ọ̀nà tí a lè gbà wó o láìba ìpìlẹ̀ jẹ́. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fi ń pe ọ̀nà náà.

Ewéko tí èròjà náà pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó kù tí yóò wá. Ní ọdún 1936, àwọn ará Jàpáàní méjì ti rí èròjà kan nínú iṣu igbó ilẹ̀ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní diosgenin. Láti ara Dioscorea, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fi ń pe gbogbo ìdílé iṣu, ni wọ́n ti mú orúkọ yìí. Inú ìdílé kan náà ni iṣu tí àwọn Yorùbá fi ń gún iyán wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ni a mọ tiwa sí, tí iṣu igbó tí Marker ń wá kò sì dára fún jíjẹ. Ní ìparí ọdún 1941, ó rí àwòrán irú iṣu bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kan: iṣu ràgàjì tí ń hù ní agbègbè Veracruz, ní ìlà-oòrùn Mẹ́síkò.

Ní oṣù kìíní ọdún 1942, ó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Kò gbọ́ èdè Sípéènì dáadáa, ogun sì ń jà ní ayé. Ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ ni onílé ìtajà kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà láàárín ìlú Orizaba àti Córdoba, tí ó bá a wá iṣu méjì, tí ó sì kó wọn sínú àpò. Gẹ́gẹ́ bí Marker fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lẹ́yìn náà, wọ́n jí àpò méjèèjì gbé. Ọlọ́pàá kan ni ó bá a rí wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gba owó tán, ẹyọ kan ni ó dá padà. Ẹyọ kan yìí ni Marker gbé padà sí Amẹ́ríkà, òun ni ó sì fi dán ohun tí ó gbà gbọ́ wò. Diosgenin wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ilé-iṣẹ́ apòògùn tí ó ti ń fún un lówó ìwádìí, Parke-Davis, kò gbà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣeé ṣe ní Mẹ́síkò. Marker bá wọ inú owó tí ó fi pamọ́, ó padà lọ, ó sì ra iṣu tí ó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lọ́wọ́ àwọn ará oko. Wọ́n gé e, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n lọ̀ ọ́, ó sì fa èròjà rẹ̀ jáde. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ní progesterone tí ó lé ní kílò mẹ́ta. Ní iye tí wọ́n ń tà á nígbà náà, ó tó 240,000 dọ́là. Kò tíì sí ẹni tí ó rí iye bẹ́ẹ̀ lójú rí.

Ní ọdún 1944, òun àti àwọn méjì tí ó ní ilé-iṣẹ́ òògùn kan ní Mexico City dá ilé-iṣẹ́ Syntex sílẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí ìjà owó fi dé, Marker sì bínú kúrò ní ọdún 1945. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò fi òfin so ọ̀nà rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Mẹ́síkò, kò sí ẹni tí ó lè dá àwọn mìíràn dúró. Syntex pe George Rosenkranz, ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì tí ogun ti lé dé Kúbà, ó sì tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Owó progesterone já wálẹ̀ gidigidi. Ní ọdún 1951, nínú ilé-iṣẹ́ kan náà, wọ́n rí norethisterone, hómóònù àtọwọ́dá tí ó di ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ òògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, láti ọwọ́ Luis Miramontes, ọ̀dọ́mọdé akẹ́kọ̀ọ́ ará Mẹ́síkò, lábẹ́ Carl Djerassi àti Rosenkranz.

Ní ọdún yìí kan náà ni wọ́n tún fi diosgenin ṣe cortisone, òògùn tí ó ti gba ayé kan láti ọdún 1949 nítorí bí ó ṣe ń mú kí ẹni tí oríkèé ara rẹ̀ wú dìde rìn. Nítorí cortisone yìí, àwọn awákiri ti dé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pàápàá, wọ́n ń wá èso Strophanthus, ewéko tí ń fà mọ́ igi, tí àwọn ọdẹ fi irú rẹ̀ ṣe oró ọfà. Iṣu Mẹ́síkò ni ó ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á fiyè sí i pé cortisone, bí a bá lò ó pẹ́, wà lára àwọn ohun tí ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́ jù lọ. Láti ara iṣu kan náà ni ohun tí ń ran ara lọ́wọ́ ti jáde, ibẹ̀ náà sì ni ohun tí ń jẹ egungun run ti wá.

Àwọn tí ó wa iṣu

Ìwé ìtàn kì í sábà dárúkọ àwọn tí ó fi ọkọ́ àti àdá wa iṣu náà. Kò pẹ́ tí irú iṣu mìíràn, tí wọ́n ń pè ní barbasco, fi rọ́pò ti àkọ́kọ́, nítorí pé diosgenin inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn àgbẹ̀ ní Veracruz, Oaxaca àti Chiapas ni ó ń wọ igbó lọ wá a, tí wọ́n ń rù ú jáde, tí wọ́n ń tà á fún àwọn alágbàtà ní owó táṣẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tí àwọn òyìnbó ń fi í ṣe. Ní ọdún 1975, lábẹ́ ààrẹ Luis Echeverría, ìjọba Mẹ́síkò dá ilé-iṣẹ́ Proquivemex sílẹ̀ kí ó lè máa ra iṣu náà, kí owó tí ó tọ́ sì lè dé ọwọ́ àwọn tí ń wà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gbé owó iṣu sókè, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yí ojú sí ẹ̀wà sóyà àti àwọn ewéko mìíràn tí wọ́n ti mọ bí a ṣe lè fi ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọjà barbasco wó lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí òógùn ojú wọn gbé iṣu jáde láti inú ilẹ̀ padà sí ẹ̀yìn oko wọn.

Ohun tí hómóònù ṣe fún egungun

Nínú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ tí Albright sọ ń ṣẹ. Láti ọdún 1942 ni estrogen tí a fà láti inú ìtọ̀ abo ẹṣin tí ó lóyún ti wà lọ́jà ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ obìnrin sì ń lò ó. Ní ọdún 1975 ni àkíyèsí kan jáde pé estrogen nìkan ń mú kí jẹjẹrẹ ilé ọmọ pọ̀ sí i. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti ń fi hómóònù kejì, irú progesterone tí a fi ewéko ṣe, kún un kí ó lè dáàbò bo ilé ọmọ. Báyìí ni ọmọ iṣu àti ọmọ sóyà ṣe di alábàárìn estrogen.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbàgbọ́ ni ó ń darí iṣẹ́ náà ju ẹ̀rí lọ. Ìdánwò ńlá ni ó wá fi ojú òtítọ́ hàn. Ní ọdún 2002, àwọn tí ń ṣe ìwádìí Women's Health Initiative ní Amẹ́ríkà sọ ohun tí wọ́n rí lára obìnrin 16,608, tí wọ́n fún àwọn kan ní hómóònù méjèèjì, tí wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ohun tí ó jọ òògùn ṣùgbọ́n tí kò ní agbára kan nínú. Ìgbáròkó tí ó kán dínkù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Egungun jàǹfààní lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú obìnrin 10,000 tí ó lò ó fún ọdún kan, bí ìgbáròkó márùn-ún ti bọ́ lọ́wọ́ kíkán, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́jọ sí i ní jẹjẹrẹ ọmú, tí mẹ́jọ sí i ní àrùn rọpárọsẹ̀, tí àrùn ọkàn sì kọlu méje sí i. Wọ́n dá ìdánwò náà dúró kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àwọn oníṣègùn kò sọ hómóònù nù pátápátá lẹ́yìn èyí. Ọjọ́ orí àti ìlera obìnrin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin sá fún un, wọ́n sì ń béèrè bóyá kò sí ewéko tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà láìsí ewu.

Koríko, sóyà àti ìrètí tuntun

Ìbéèrè yìí kò ṣàìní ìpìlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn darandaran ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà rí i pé àwọn àgùntàn wọn tí ń jẹ koríko clover kan kò lóyún mọ́. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 1946 fi hàn pé koríko náà ni ó fà á. Èròjà kan nínú rẹ̀ ń ṣe bí estrogen lára ẹran. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ náà wà nínú ẹ̀wà sóyà, genistein sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èrò tí ó tẹ̀lé e rọrùn: bí ewéko bá lè ṣe bí estrogen lára àgùntàn, bóyá ó lè kó àwọn tí ń wó egungun ní ìjánu lára ènìyàn.

Àwọn ará Họ́ńgárì ṣe òògùn ipriflavone, tí a fi irú èròjà yìí ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì gbà á fún ìtọ́jú egungun. Ní ọdún 2001, ìdánwò ọdún mẹ́rin lára obìnrin 474 ní Yúróòpù fi hàn pé kò dá egungun dúró, kò sì dí kíkán rẹ̀ lọ́wọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan dínkù lára díẹ̀ nínú wọn. Ní ọdún 2007, àwọn ará Ítálì fún obìnrin 389 ní genistein tàbí ohun tí ó jọ ọ́ fún ọdún méjì. Egungun àwọn tí ó lo genistein le sí i. Ní ọdún 2011, ní Miami, wọ́n fún obìnrin 248 ní èròjà sóyà tàbí ohun tí ó jọ ọ́ fún ọdún méjì. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ìdánwò mẹ́ta nìyí tí ìdáhùn wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá mú ti Ítálì nìkan tí ó fi polówó ọjà ti pa apá kan ìtàn mọ́.

Èyí tí ó burú ju èyí lọ ni ti ìpara iṣu igbó tí a ń tà fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró. Àwọn tí ń tà á a máa wí pé progesterone wà nínú iṣu, nítorí náà kí obìnrin fi í para, ara yóò sì yí i padà. Òtítọ́ ni pé iṣu ni Marker fi ṣe progesterone. Irọ́ ni pé ara ènìyàn lè ṣe ohun tí Marker ṣe. Iná, ásíìdì àti ìṣirò ni ó fi wó yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé náà. Ara ènìyàn kò ní ohun tí ó lè fi wó o. Ìdánwò kan tí ó jáde ní ọdún 2001 lórí irú ìpara bẹ́ẹ̀ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ìpara lásán. Obìnrin tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé e, tí ó sì tìtorí rẹ̀ kọ ìtọ́jú tí a ti dán wò sílẹ̀, ń fi ìgbáròkó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Bí a bá tún padà sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, a ó rí i pé ìtàn yìí kò tako ó. Ó túmọ̀ rẹ̀ ni. Agbára wà nínú iṣu Mẹ́síkò, ó sì wà nínú koríko àti nínú sóyà. Ẹni tí ó bá fi ewéko ṣe ẹlẹ́yà kò mọ ìtàn, nítorí pé láti ara wọn ni apá tí kò kéré nínú òògùn hómóònù ti jáde. Ṣùgbọ́n láàárín iṣu inú igbó àti òògùn inú ìgò, nǹkan méjì wà níbẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń yí èròjà padà, àti sùúrù àwọn tí ó gbà kí á dán an wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kí á tó gbà á gbọ́. Ìdánwò yìí ni ewé tí ó máa ń kù jù lọ nínú àgbo tí kò jẹ́. Àwọn tí ń kọ́ni ní ilé ìwé lónìí, tí àwọn ọmọ ń bi léèrè bóyá ewé sàn ju òògùn òyìnbó lọ, lè dá wọn lóhùn pé ọ̀kan náà ni orírun ọ̀pọ̀ nínú àwọn méjèèjì, àti pé ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: ta ni ó dán an wò, lára àwọn mélòó, kí ni ó sì rí?